Ilé Làbọ̀ Ìsinmi Oko, Ọ̀nà Wo Ni A Ó Gbà Délé?

Àwọn baba wa ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Lónìí, Èkó ni oko ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa. Bí Kérésìmesì, Àjíǹde tàbí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, olúkúlùkù a di ẹrù, a kó aya àti ọmọ, a sì dorí kọ ọ̀nà ilé: Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà, Oǹdó àti Èkìtì. Ṣùgbọ́n ìrìn wákàtí méjì láti Èkó dé Ìbàdàn a máa di ti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọmọdé a máa sunkún nínú ooru ọkọ̀ láàárín Ìbafo àti Mówè, ìyá arúgbó tí ó ti se oúnjẹ sílẹ̀ a sì máa wo ojú ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwa kò gbà pé àyànmọ́ ni èyí. Ọwọ́ ènìyàn ni ó dá a sílẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò sì tún un ṣe.

Ní 1978 ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 127. Àtúnṣe ńlá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2013. Nígbà tí ó fi di 2023, ọdún 10 gbáko, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà lójú ọ̀nà. Nígbà Kérésìmesì, ìjọba a máa pàṣẹ kí iṣẹ́ dúró, kí a sì kó ohun ìdènà kúrò. A yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìdènà tilẹ̀ kúrò, tánkà kan ṣoṣo tí ó bá ṣubú tó láti dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò dúró, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni èrò, tírélà àti tánkà epo jọ gbójú lé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ló dé tí a fi jẹ́ kí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ilé?

Àwọn òyìnbó amúnisìn fa ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, wọ́n sì fà á dé Òṣogbo ní 1907. Kì í ṣe kí ọmọ wa lè bá ìyá rẹ̀ ṣọdún ni wọ́n ṣe é, bí kò ṣe kí èkùrọ́ àti òwú wa lè tètè dé ebúté. Síbẹ̀, nígbà tí Rauf Aregbesola ń ṣe Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láàárín 2010 sí 2018, orí ojú irin àtijọ́ yìí ni ìjọba rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ ọ̀fẹ́ kó èrò ọdún láti Èkó lọ sí Òṣogbo. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe.

Ní oṣù Okúdù 2021, a ṣí ojú irin tuntun, kìlómítà 157, láti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Mọ́níyà ni ó dúró sí. Nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè, ìjọba àpapọ̀ sọ ọkọ̀ ojú irin di ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ 2023 títí di ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024. Ó dára. Ṣùgbọ́n ará Ọ̀fà tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́níyà, pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn, yóò tún wá ọkọ̀ mìíràn ní iyekíye tí awakọ̀ bá pè é. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú bá a lọ́nà, ẹ̀rù àwọn ajínigbé ni yóò máa bá a rìn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe wí pé ọ̀ràn àwọn ará Èkó ni èyí. Ẹ̀yin ni ẹ ń retí ọmọ. Ọ̀nà tí ó dá ọkọ̀ ọmọ yín dúró náà ni ó ń dá ọkọ̀ ata àti tòmátì yín dúró títí yóò fi rà.

Ohun tí àwa ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Kí a fa ojú irin tuntun kọjá Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo àti Ìlọrin, kí a sì dá ọjọ́ tí yóò parí. Kí tírélà àti tánkà yàgò fún ọkọ̀ èrò ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ọdún àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ọkọ̀ tí ń wọ́ ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ sì wà ní sẹpẹ́ lójú ọ̀nà. Kí a mú gbogbo ibùdó tí a ti ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ awakọ̀ kúrò.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tiwa, ẹ bi í pé: ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ojú irin tuntun yóò dé Òṣogbo? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí òun náà dúró lójú ọ̀nà.