Adìẹ Ìbílẹ̀ Nìkan Kò Tó
Inú mi dùn pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá ẹran tí wọn kò fi oògùn sìn. Láti ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de bíbu oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ ẹran nítorí kó lè tètè sanra. Ṣùgbọ́n Okpoko ló ń jẹ mí lọ́kàn, àdúgbò tí èrò ti há mọ́ra lẹ́bàá Onitsha. Adìẹ ìbílẹ̀ wọ́n ju adìẹ àgíríìkì lọ. Egungun rẹ̀ le, omi ọbẹ̀ rẹ̀ sì ń ta sánsán. Ó tọ́ kí a fẹ́ ẹ. Àmọ́ èyí tó ń jẹ̀ létí gọ́tà tí ìdọ̀tí dí ní Okpoko, kí ló ń ṣà jẹ? Ewúrẹ́ tó jẹ koríko dàgbà, tí wọ́n wá fi táyà sun irun rẹ̀ nínú èéfín dúdú, ṣé a ṣì lè pè é ní ẹran tó mọ́? Kí ìjọba rán dókítà ẹranko lọ síbi ìpẹran àwọn tálákà pẹ̀lú, kó sì fún àwọn apẹran ibẹ̀ lómi, àti gáàsì dípò táyà.