Kí ẹ tó ní ayé ló ń bá laptop yín jà, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ wò ná

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Bíbélì lẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ laptop ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀, gbangba ló sì yẹ kí n ti bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀.

Ẹ mọ laptop dúdú tó máa ń wà lórí pẹpẹ wa. Tòkunbọ̀ ni. Ọdún 2014 la dáwó jọ rà á. Orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ, ọjọ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ, àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, ìṣirò owó ilé tí à ń kọ́, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Sọ́ńdè kan, mo wà láàárín ìwàásù, ó kú. Wọ́n tàn án, kò pé ìṣẹ́jú 20, ó tún kú. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti alẹ́ ọjọ́ kan tí ìsìnkú ìyá àgbà kan nínú ìjọ ku ọ̀la. Èmi àti ìyàwó mi jókòó, à ń tẹ ètò ìsìnkú. Ó ku díẹ̀ ká parí, ojú rẹ̀ ṣú. Gbogbo ohun tí a ti ń tẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ bá a lọ, torí a ò tíì tọ́jú rẹ̀.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo dìde, mo gbàdúrà ogun. Mo ní ayé ló fẹ́ dójú ti iṣẹ́ Ọlọ́run. Àdúrà yẹn ò burú. Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ló burú. Mo pe ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa. Mo ní òun ló ń fi laptop ṣọ́ọ̀ṣì wo fíìmù lóru, òun ló kó àìsàn bá a. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi wo fíìmù kankan. Mo ti sọ fún yín lọ́jọ́sí pé ká má máa gbé e sórí aṣọ yẹn." Mo ní kó panu mọ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Sọ́ńdè mẹ́ta gbáko, kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ ò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ìgbà tó yá, mo gbé laptop náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀wọ̀. Mo rò pé á ṣí i lójú ẹsẹ̀. Kò ṣí i. Ìbéèrè ló ń bi mí bíi dókítà: Ìgbà wo ló máa ń kú? Ṣé ó ti máa ń gbóná kó tó kú ni? Ṣé ṣájà máa ń wà lára rẹ̀? Orí kí lẹ máa ń gbé e lé? Mo ní orí pẹpẹ ni, lórí aṣọ àrán pupa wa tó nípọn dáadáa. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó yí laptop dé, ó fi àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ hàn mí, ó ní ibẹ̀ ló ti ń mí. Àṣé gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń fi aṣọ pẹpẹ di imú rẹ̀.

Nígbà tó wá tú u, eruku ẹnu fáànù rẹ̀ ti dì bí òwú. Ìyẹ́ aáyán wà níbẹ̀. Nǹkan bí ìpara tí wọ́n máa ń fi sáàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ń wá a kiri abúlé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ ká máa wá ìdí ọ̀ràn ká tó wá ẹni tí a máa dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Laptop tó gbóná tó sì kú, ó lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló pa iná ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Bí wọ́n ṣe ṣe ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Bí ooru rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ nǹkan bí ìwọ̀n 100 Celsius, ìyẹn ooru omi tó ń hó, á kọ́kọ́ dín iṣẹ́ kù. Bí ooru náà ò bá rọlẹ̀, á kú fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo pè ní ọ̀tá, ààbò ni.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní laptop àgbà nílé, ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́:

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín jáde. Bó bá tàn fún ìṣẹ́jú 10 péré, ẹ kó fáìlì yín sínú flash tàbí sórí Google Drive kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ilé bá ń jó, ọmọ la kọ́kọ́ ń gbé jáde, a kì í dúró gbálẹ̀.

Èkejì, ẹ ṣọ́ ìgbà tó ń kú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá gbóná tí fáànù ń pariwo ló ń kú, tí ẹ tún tàn án lójú ẹsẹ̀ tó tètè kú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ fura sí ooru. Ẹ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí tìmùtìmù àti lórí itan, ẹ gbé e sórí pákó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú u, kó gbọn eruku rẹ̀, kó fi ìpara tuntun sí i. Bó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku náà, ẹ ní kó di fáànù mú kó má bàa yí àyíjù. Nílùú tí ọyẹ́ ti ń mú eruku wọlé báyìí, ó yẹ ká máa ṣe é lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹta, bátìrì àti ṣájà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí NEPA bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́ ló ń kú, bátìrì ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nìyẹn, iná ara ògiri nìkan ló ń gbé e. Ọ̀pọ̀ bátìrì laptop, lẹ́yìn tó bá ti gba iná kún tó sì tán bí ìgbà 300 sí 500, agbára rẹ̀ á ti dín kù gan-an. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Á fi agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun hàn yín, á sì fi èyí tó kù hàn yín. Bí ti tuntun bá jẹ́ 50,000 tí èyí tó kù jẹ́ 12,000, ẹ má wulẹ̀ da ẹnikẹ́ni láàmú. Ní ti ṣájà, kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ wọlé ló tó. Volt rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti laptop mu, ampere rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí èyí tí laptop ń fẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré pa Windows yín rẹ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ẹ tẹ F2, F10 tàbí Delete, ó yàtọ̀ láti laptop kan sí òmíràn, kó gbé yín dé BIOS. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Bó bá kú síbẹ̀, Windows ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni ẹ ti máa wá a: ooru, iná, tàbí RAM tó ti mì kúrò ní ààyè rẹ̀. Bó bá dúró digbí níbẹ̀, tó jẹ́ pé inú Windows nìkan ló ti ń kú, ìgbà yẹn lẹ lè fura sí Windows, àmọ́ ẹ ṣì yẹ ooru wò, torí iṣẹ́ inú BIOS kò pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ìdí laptop bá wú, tàbí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń gbé sókè, bátìrì ló ń wú yẹn. Ẹ pa á, ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ má fi nǹkan gún un, ẹ má sì gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó lè gbiná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà. Lọ́dún 2006, ilé iṣẹ́ Dell ní kí àwọn oníbàárà dá bátìrì tó lé ní mílíọ̀nù 4 padà, èyí tí Sony ṣe, torí pé ó lè gbóná títí á fi gbiná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Pásítọ̀ ti gbàgbé àdúrà, sáyẹ́ǹsì ló kù tó ń wàásù." Rárá o. Mo gbà pé ọ̀tá wà, mo sì ń gbàdúrà lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ rántí Èlíṣà nígbà tí irin àáké àyálò bọ́ sínú odò. Wòlíì ni, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí irin náà bọ́ sí. Wọ́n fi ibẹ̀ hàn án kó tó ju igi sómi. Bí Èlíṣà bá lè béèrè, ta ni èmi tí mi ò ní béèrè?

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí ju laptop lọ. Bí bàbá kan bá ṣubú lóko, kí a tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, a ti dárúkọ ìyàwó àbúrò rẹ̀. Bí ọjà ò bá tà, a ti mọ ẹni tó so ó. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí mi ò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tí mo fi dá a. Mo ṣe bí Élì, àlùfáà àgbà tó rí Hánà tó ń gbàdúrà, tó rò pé ọtí ló mu. Ṣùgbọ́n Élì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó yí tèmi padà.

Mo ti lọ sílé wọn. Mo ti bẹ ọmọ náà, mo bẹ ìyá rẹ̀. Sọ́ńdè tó kọjá, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un lójú ìjọ, níbi tó jẹ́ pé ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ bá mi kà á síbí: ọmọ náà ò jẹ̀bi. Mo ṣì í. Kó dárí jì mí.

Laptop náà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ìpara rẹ̀, a sì ra bátìrì mìíràn. Àkọsílẹ̀ ìjọ ti wà sórí flash méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi. Káfíńtà ti bá wa fi pákó kékeré kan sórí aṣọ àrán yẹn. Ọmọ náà ló wọn ibi tí wọ́n máa gé e dé.

Bí tiyín bá kú lónìí, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ti dá ẹnì kan lẹ́bi nílé tẹ́lẹ̀, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Olúwa á bùkún yín. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ó di Wẹsidé, níbi ìpàdé àdúrà.