Lẹ́tà Gbangba sí Ẹ̀yin Tí Ń Sọ fún Ọ̀dọ́ Pé Iṣẹ́ Tó Wù Wọ́n Nìkan Ni Kí Wọ́n Ṣe

Ẹ̀yin olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo, àti ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí a ń pè sí ibi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àti sí ọgbà àwọn agùnbánirọ̀,

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: bí mo ti mọ rírì yín tó, ìmọ̀ràn kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu yín, pé kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ wá ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ràn, kí ó máa tọ̀ ọ́ lọ, pé owó yóò wá fúnra rẹ̀; òun ni mo torí rẹ̀ gbé kálàmù.

Steve Jobs ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni tí ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Stanford lọ́dún 2005, tí ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe sinmi títí wọn yóò fi rí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n láti 1976 ni òun àti Steve Wozniak ti dá Apple sílẹ̀. Ẹni tí ó ti gorí ìtẹ́ ni, tí ń ròyìn bí adé ti dùn tó. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ tiwọn tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì bọ́ sí i fún wọn, kò sẹ́ni tí ń pè wọ́n wá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wálé. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ọmọ agbẹ́gilére a-sọ-igi-dènìyàn, tí a bí sínú iṣẹ́ náà, tún lọ di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ George Bándélé, ọmọ Aréògún agbẹ́gilére, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ní ìparí àwọn ọdún 1940. Amos Tutùọlá òǹkọ̀wé, ará Abẹ́òkúta, ńkọ́? Alágbẹ̀dẹ bàbà ni lọ́dọ̀ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hítílà. Mẹ́sẹ́ńjà ni ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Owó oṣù mẹ́sẹ́ńjà ni ó ń bọ́ ẹni tí ń kọ ìtàn.

Ẹ lọ wo ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Gbígbálẹ̀ ni, fífi èédú sí áyọ́ọ̀nù ni, títú ojú ìrán tí ọ̀gá kò fẹ́ ni, abẹ́rẹ́ sì ń gún un lọ́mọ ìka. Bí ẹ bá bi í nígbà náà bóyá iṣẹ́ náà wù ú, yóò ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Ẹ padà lọ ní ọdún kẹta, nígbà tí ó ti lè gé bùbá kí ó bá ara mu, tí oníbàárà ti ń dárúkọ rẹ̀ béèrè: kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀. Mímọ̀-ọ́n-ṣe ni ó bí ìfẹ́ tí ẹ rí yẹn, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a sì fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Ti ọmọ tálákà ni ó dùn mí jù. Ọmọ olówó lè fi ọdún márùn-ún wá ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, baba rẹ̀ ni yóò máa sanwó ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kiri ẹ̀kọ kí ó tó rí owó ilé-ìwé san, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀ka tí kò yàn ni wọ́n fún un ní yunifásítì, ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé bí inú rẹ̀ kò bá dùn sí iṣẹ́, ó ti ṣì í yàn. Ebi kì í wọnú, kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì le ní oṣù kejì, bí iṣẹ́ gbogbo ti í le, yóò kọ̀wé fi í sílẹ̀, yóò máa wá òmíràn.

N kò ní kí òbí máa fi tipátipá sọ ọmọ di dókítà tàbí lọ́yà o. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí ẹ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí, ẹni tí yóò kọ́ ọ, ọdún tí yóò gbà á, àti ẹni tí yóò máa bọ́ ọ títí yóò fi gba òmìnira. Bí ó bá sì kan ìtàn tiyín, ẹ sọ iye ọdún tí ẹ fi jìyà nídìí iṣẹ́ yín, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ń sanwó ilé yín nígbà náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan