Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ilé-Ìkàwé Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èrò kan ti wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan lára lóde òní, pé níwọ̀n ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, ilé-ìkàwé ti di ohun àtijọ́. Aṣọ tuntun ni íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò náà kò tọ̀nà. Ó sì léwu, pàápàá fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì.

Vom, nítòsí Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1924 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ níbẹ̀; àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń kọ́ni ní ìtọ́jú ẹran àti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá májèlé aflatoxin wà nínú èérún ẹ̀pà tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù. Májèlé yìí, láti inú ẹ̀pà tí ó ti bu, ni ó pa tòlótòló tí ó lé ní 100,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960. Bí màlúù bá sì jẹ ẹ́, a máa jáde nínú wàrà tí ọmọdé ń mu. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò lásán.

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò ṣe mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí? Láti 1907 ni Chemical Abstracts ti ń ṣe àkópọ̀ ohun tí àwọn jọ́nà kẹ́mísìrì àgbáyé ń gbé jáde, kí títẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé tó dópin ní 2010. Láti 1965 ni àwọn tí ń ṣe é ti ń fún kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. 1162-65-8 ni ti aflatoxin B1. Orúkọ a máa yàtọ̀ láti ìwé dé ìwé. Nọ́ńbà kì í yàtọ̀. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní ṣìnà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Tẹlifóònù kì í dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Àwọn kan yóò ní owó ni kò sí. Òótọ́ ni pé jọ́nà wọ́n, àti pé láti ìgbà tí iyì náírà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986 ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ti jáwọ́ nínú rírà wọ́n. Àmọ́ owó nìkan kọ́ ni ó ń dínà. Ní 2003, àjọ FAO dá AGORA sílẹ̀, kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ lè ka jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí kò bá ti sí olùtọ́jú ìwé tí yóò ṣe é, ẹnu ọ̀nà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró sí, tí yóò máa ka àkópọ̀ ráńpẹ́ àti iye tí wọ́n ń ta ìyókù.

Nígbà tí àrùn adìyẹ H5N1 kọ́kọ́ fojú hàn ní Áfíríkà ní 2006, Nàìjíríà ni. Onímọ̀ Ilaria Capua ní Ítálì kọ̀ láti ti àlàyé kòkòrò rẹ̀ mọ́ ibi tí ìwọ̀nba ilé àyẹ̀wò nìkan lè wọ̀. Ó gbé e sí GenBank fún gbogbo ayé. Ǹjẹ́ kí ni àǹfààní ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lókè òkun, bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nílé kò bá fi ọ̀nà ibẹ̀ han ọmọ rẹ̀?

Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ dẹ́kun kíkọ́ ilé ńlá tí wọ́n ń tì pa ní ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n gba olùtọ́jú ìwé tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n forúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tó yẹ, kí wọ́n sì fi wíwá ìwé kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún kìn-ín-ní. Kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kẹ́mísìrì ni èyí: àdàkọ iṣẹ́ ọdún tó kọjá ni ń gbilẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí àkísà àgbà wà.