Ta Ni Yóò Gbé Ọ̀rá Náà?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò kan owó oṣù, ọwọ́ tí a fi ń gbà á ló kàn.

Nígbà kan, ilé ìwòsàn ni abẹ́rẹ́ ń gbé. Nísinsìnyí ó ti di ará ilé. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ń gún ara rẹ̀ ní ínsúlínì lójoojúmọ́. Ẹlòmíràn ń pe oníkẹ́mìsì wálé bí ibà bá dé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ oníkẹ́mìsì kọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá gún un tán ńkọ́? Inú ọ̀rá dúdú ni abẹ́rẹ́ ń lọ, òun pẹ̀lú èèpo iṣu. Láti Aládé dé Odòde, ta ni yóò gbé ọ̀rá náà? Òṣìṣẹ́ ni: akólẹ̀kódọ̀tí, ẹni tó ń gbálẹ̀ gáréèjì, ọmọ ọkọ̀ tó ń ti ẹrù sábẹ́ ìjókòó.

Bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní hẹpatáítìsì B, àrùn tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bá gún 100 ènìyàn tí kò gba àjẹsára, ó lè ran tó 30 nínú wọn. Ti HIV kò ju bíi 3 nínú 1,000 lọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wà nínú mẹ́ta yẹn? Àjẹsára hẹpatáítìsì B wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á láàárín oṣù 6. Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó sanwó rẹ̀ fún ẹni tó ń fọwọ́ kan ìdọ̀tí. (Èyí tó bá ti ń san án, a dúpẹ́ o.)

Nílé, ẹ má dé abẹ́rẹ́ padà. Ẹ jù ú sínú ike líle tó ní ìdérí, irú ike ọṣẹ olómi, kí ẹ sì dé e pa kó tó kún. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kó má fẹnu fà á, kó sáré lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an: oògùn tí ń dènà HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 72.

Oògùn tó ti pẹ́ jù ńkọ́? Ẹ po ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ kí ẹ tó dà á nù, kí ẹ sì ya páálí rẹ̀, nítorí àwọn oníjìbìtì ń ṣa páálí láti fi di ayédèrú. Láti 1988 ni òfin ti ka kíkiri oògùn nínú ọkọ̀ léèwọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, ẹ jẹ́ kí olóògùn sọ̀ kalẹ̀.

Àbá wa ni pé kí ẹ̀ka yìí kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, kí gbogbo ilé ìwòsàn rẹ̀ máa gba ike abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́.