Ẹ SAN OWÓ GIDI FÚN ÀWỌN ÀǸTÍ TÓ Ń TỌ́JÚ ỌMỌ WA

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Gbogbo wa la mọ jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ rere ni: ọmọ lọ, ilé sinmi, ìyá rí ọwọ́ fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe wàhálà kí ilé tó lè sinmi? Àwọn àǹtí ni. Àwọn ló ń nu ìdí ọmọ, àwọn ló ń fún un lógì, tí wọ́n ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Owó tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà kò tó wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pẹ́. Lónìí àǹtí wà níbẹ̀, lóṣù tó ń bọ̀ ó ti lọ jókòó sídìí POS. A ò bá a jà. Ta ni kò ní lọ síbi tí oúnjẹ wà?

Ọmọ ni ìyà ń jẹ. Àǹtí tuntun kò mọ ọmọ tí gìrì máa ń gbé, kò mọ èyí tí ẹ̀wà kì í bá lára mu. Ọmọ á máa ké, wọ́n á ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ìyá á fi ọjà sílẹ̀, oníbàárà á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Níbi tí kò bá sí àǹtí rárá, abẹ́ àtẹ ni ọmọ á máa rá kiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, níbi tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà kọjá.

Àwọn kan á ní, “Kí ló kan ìjọba níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ni ìyá yín pọ̀n yín sí lọ sọ́jà?” Wọ́n á tún pa á lówe pé ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Ó dáa. Igba ènìyàn náà dà? Ìyá àgbà ṣì ń ta ọjà tirẹ̀ kó lè jẹun. Àbúrò wà nílé ìwé, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Aládùúgbò ò sí nílé. Ẹni tó kù nínú igba náà ni àǹtí, ọpẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ ká máa fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọpẹ́ kì í ra gààrí.

Àwọn mìíràn á ní kí àwa ìyá fi owó kún un. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000. Bí àǹtí kan bá ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ 5, tí a fẹ́ kó gba iye yẹn, ₦14,000 ni ìyá kọ̀ọ̀kan á mú wá lóṣù, láì tíì ka owó yàrá, ọṣẹ àti omi. Èló ni aláta rodo ń jẹ lérè? Bí a bá sì ní kó di ₦5,000, ọmọ 14 ni a ó kó lé àǹtí kan lọ́wọ́. Ṣé ìtọ́jú nìyẹn? Ìyá ò lè san jù báyìí lọ, àǹtí ò lè gbà kó dín. Àárín méjèèjì ló yẹ kí ìjọba dúró sí.

Òfin wo ló ń gbèjà wọn báyìí? Òfin owó oṣù yẹn fúnra rẹ̀ yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi inú ọjà wo ló ní àǹtí 25? Ní ọdún 2014, ìjọba Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ oṣù 6, ọkọ gan-an rí ọjọ́ 10 gbà. A bá wọn yọ̀. Ìyá aláta ńkọ́? Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń ṣètò. Nínú ọjà mélòó lẹ ti rí i?

Àwọn ibòmíràn ti fojú sí i. Ní ọdún 2022, ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn olùtọ́jú ọmọ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà, ìjọba á ràn án lọ́wọ́ láti san owó ìtọ́jú ọmọ tirẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará New Mexico, tí wọ́n ní epo rọ̀bì bíi tiwa, dìbò pé kí wọ́n máa yọ nínú owó tí epo mú wá fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Nítorí náà, òfin là ń bèèrè lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, kì í ṣe ìlérí:

1. Kí ìpínlẹ̀ àti kọ́ńsù máa fi owó kún owó àwọn àǹtí inú ọjà lóṣooṣù. Àbújá ló ni òfin owó oṣù tó kéré jù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ìpínlẹ̀ má fi kún un.

2. Kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ àǹtí fúnra rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

3. Kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, kí owó wọn sì gòkè.

4. Kí ẹni tó bá lo ọdún 2 láì fiṣẹ́ sílẹ̀ gba àjẹmọ́nú.

Ẹ má wulẹ̀ bi wá níbo lowó á ti wá. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọjà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwa la sì ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n yọ ti ọmọ níbẹ̀. Kí wọ́n má sì wá kọ́ ilé aláràbarà, kí gọ́mìnà wá gé ríbọ́ọ̀nù, kí àǹtí má sí nínú rẹ̀. Ilé kì í pọ̀n ọmọ.

Kí olórí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, aláta, aláṣọ, ẹlẹ́ja, gbogbo wọn, ka iye ọmọ ọwọ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn àti iye àǹtí tó ń tọ́jú wọn, kí wọ́n mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ìwé yẹn la ó gbé lọ bá àwọn aṣòfin. Ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò lọ́jà wa, ọ̀rọ̀ àǹtí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í.

Ajé á wá, ọmọ á yè o.