Níbo Ni Séèfù Yín Ń Gbé?

Orí tábìlì oúnjẹ mi ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, òun àti ẹ̀rọ géèmù alágbèéká rẹ̀, Nintendo Switch. Ó gbé e sí etí tábìlì, ó ń lọ bu omi mu, wáyà tí a fi ń gba iná sí i kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ sì dojú bolẹ̀. Nígbà tí a gbé e sókè, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn biribiri. A ṣì ń gbọ́ orin géèmù náà láti inú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí nǹkan kan.

Mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní òun yóò pààrọ̀ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí iṣẹ́ náà lè mọ́. Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé kò burú. Ọmọ náà fà mí láṣọ.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Àwọn lẹ́tà Dádì wà nínú rẹ̀.”

Bàbá ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé Òṣogbo. Géèmù kan wà tí bàbá àti ọmọ jọ máa ń ṣe, Animal Crossing: New Horizons, tó jáde lọ́dún 2020. Nínú rẹ̀, ènìyàn a máa tún erékùṣù kan ṣe: a gbin òdòdó, a pẹja, a kọ́ ilé, a sì máa bá àwọn ẹranko tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ọ̀rẹ́ tó wà lókè òkun lè wọ bàálù láti erékùṣù tirẹ̀ wá kí i, ó sì lè kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí i láti pápákọ̀ òfurufú inú géèmù náà. Bí bàbá ọmọ yìí bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, kí ó tó sùn, a kọ lẹ́tà kan sí ọmọ rẹ̀. Mo ti ka díẹ̀ nínú wọn. Yorùbá ló fi ń kọ wọ́n, láìfi àmì kankan sí i, débi pé èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Yorùbá ní láti dúró ná kí n tó mọ̀ bóyá “oko” tí ó ní òun rà jẹ́ ọkọ̀ tàbí ọkọ́. Ọmọ náà kì í ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohùn bàbá rẹ̀.

Àwọn lẹ́tà yẹn kò sí lórí WhatsApp, wọn kò sí nínú ímeèlì ẹnikẹ́ni. Inú àkọsílẹ̀ géèmù náà ni wọ́n wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní séèfù. Mo gba ẹ̀rọ padà lọ́wọ́ oníṣẹ́, mo ní a ń bọ̀.

Ó ní ohun tó mú mi ṣọ́ra. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdírì, àbúrò mi ọkùnrin ní PSP tòkunbọ̀ kan. Ó fi bí ọdún 2 gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà bí ẹni mọ ẹbí. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ fún ẹnì kan tó ń bá àwọn ènìyàn kó géèmù sínú ẹ̀rọ, pé kí ó bá òun fi méjì sí i. Onítọ̀hún pa gbogbo inú káàdì rẹ́ kí ó tó kó tuntun sí i. Àbúrò mi kò sunkún. Ó kàn dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó wá dùn mí nígbà tí mo mọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni pé kò sí ẹ̀rọ tí séèfù rẹ̀ rọrùn láti tọ́jú tó PSP. Orí káàdì Memory Stick ló ń kọ ọ́ sí, nínú fódà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PSP, nínú fódà kékeré tó ń jẹ́ SAVEDATA. Bí a bá fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí a yan USB Connection lábẹ́ Settings, káàdì náà yóò yọ lórí kọ̀ǹpútà bí fíláàṣì lásán. A ó ṣẹ̀dà SAVEDATA sí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀, a ó dá a padà síbi tí a ti mú un. Kò gba jailbreak, kò gba kọ́bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí a ṣe ń tọ́jú séèfù, èmi náà a kọ́kọ́ bi í pé níbo ni séèfù rẹ̀ ń gbé. Ìdáhùn náà yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Nínú káàtíríìjì Game Boy àtijọ́ bí Pokémon Red, inú káàtíríìjì fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé, lórí mẹ́mọ́rì tí bátìrì kékeré rìbìtì kan ń fún ní agbára. Bátìrì bá kú, séèfù kú. Ẹni tó bá sì yọ bátìrì láti fi tuntun sí i ti yọ séèfù mọ́ ọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ ki káàtíríìjì bọ ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí yóò ka séèfù náà jáde, kí wọ́n tó fọwọ́ kan bátìrì rárá. Nintendo 3DS, tó jáde lọ́dún 2011, pín tirẹ̀ sí méjì: géèmù tí a rà ní káàdì ń kọ séèfù sínú káàdì náà, èyí tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń kọ ọ́ sórí SD káàdì. Fún irú kejì yìí, Save Data Backup wà nínú ẹ̀rọ, ó sì lè tọ́jú ẹ̀dà tó tó 30, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo géèmù ló gbà á. Ní ti PS Vita, ètò Content Manager Assistant lórí kọ̀ǹpútà ló ń gba géèmù pẹ̀lú séèfù rẹ̀ sílẹ̀.

Switch ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹ ó rí ẹni tó yọ microSD káàdì inú rẹ̀ kí ó tó gbé e fún oníṣẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Géèmù lè wà lórí káàdì yẹn, àwòrán lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n séèfù kò sí níbẹ̀. Kò sí nínú káàdì géèmù tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú. Inú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé, wáyà USB kò sì lè fà á jáde bí ti PSP.

Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ náà là sílẹ̀ ni Save Data Cloud, tó bá Nintendo Switch Online dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Owó àsansílẹ̀ la fi ń lò ó; ẹ̀dà séèfù yóò sì máa lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà nígbàkúùgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Séèfù kì í sábà tóbi, kò ní jẹ dátà yín tán, hotspot orí fóònù tó o. Bí ẹ bá gbé àmì sórí géèmù kan, tí ẹ tẹ bọ́tìnnì +, ẹ ó rí Save Data Cloud níbẹ̀, ẹ ó sì rí ọjọ́ tí ẹ̀dà wọlé kẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ máa wò, nítorí ẹni tí hotspot rẹ̀ ti já láti oṣù tó kọjá ṣì lè máa rò pé gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú, èyí tó dé kẹ́yìn. Bí àbúrò yín kékeré bá bẹ̀rẹ̀ géèmù yín láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì séèfù lé tiyín lórí, ìsọkúsọ rẹ̀ yẹn náà ni yóò gòkè lọ rọ́pò ẹ̀dà tó dára. Bí owó àsansílẹ̀ bá tán, ọjọ́ 180 ni ẹ ní láti san òmíràn kí ẹ tó lè rí ẹ̀dà yín gbà. Láti ọdún 2019, ẹni tó ní Switch méjì tún lè lo Transfer Your Save Data, ṣùgbọ́n kíkó ló ń kó o, kì í ṣẹ̀dà: bí séèfù bá ti dé ẹ̀rọ kejì, kò sí lórí ti àkọ́kọ́ mọ́.

Mo pe bàbá ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. “Bùọ̀dá, ẹ má bínú pé mo pè yín nídìí iṣẹ́.” Ó ní kí n má dààmú, òun ń san owó Switch Online fún ọmọ òun, gbogbo rẹ̀ ti wà lókè. Ọkàn mi balẹ̀ títí mo fi lọ wo àkójọ àwọn géèmù tí Save Data Cloud kò gbà. Splatoon 2 wà níbẹ̀, Pokémon Sword wà níbẹ̀. Wọ́n ní nítorí àwọn tó lè fi ẹ̀dà ṣe màgòmágó ni. Animal Crossing: New Horizons náà wà níbẹ̀. Àyà mi já. Owó tí bàbá rẹ̀ ń san kò tọ́jú lẹ́tà kan ṣoṣo.

Géèmù yìí ní ọ̀nà tirẹ̀, tí wọ́n fi kún un ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2020: Island Backup. Ó ń ṣẹ̀dà odindi erékùṣù, kí a lè gbà á padà bí ẹ̀rọ bá sọnù tàbí bó bá bàjẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, tó kàn fẹ́ kó lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, Island Transfer Tool ni yóò lò, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Island Backup kì í ṣí ara rẹ̀. Ẹni tó ni géèmù ni yóò tẹ bọ́tìnnì − ní ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀, Tom Nook, baálẹ̀ erékùṣù náà, yóò yọ, a ó sì sọ fún un. Báwo la ó ṣe bá Tom Nook sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ti fọ́?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú nìkan ló fọ́, inú kò fọ́. Orin ṣì ń dún. Irú Switch tó ní dọ́ọ̀kì ni ọmọ náà ní, ìyẹn ìjókòó tí a fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, dọ́ọ̀kì náà sì wà ní Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi fi rán awakọ̀ kan ní gáréèjì, ó sì dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí a ti so ó tán, erékùṣù ọmọ náà yọ lójú tẹlifíṣọ̀n mi pẹ̀lú gbogbo òdòdó rẹ̀. Ọmọ pariwo, èmi náà pariwo. A tẹ bọ́tìnnì −. Kò sí ẹni tó ṣí Island Backup rí. A ṣí i, iná sì lọ.

Tẹlifíṣọ̀n kú, ráútà kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní bátìrì tirẹ̀. A dúró de iná títí di alẹ́, a tún so gbogbo rẹ̀, mo gbé hotspot fóònù mi sí i, a sì fi í sílẹ̀ láìṣeré, nítorí kì í ṣẹ̀dà nígbà tí ènìyàn bá ń ṣeré lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀, ẹ̀dà ti wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí n jẹ́ kí òun fi custom firmware sí i, kí òun fi ipá kó séèfù náà jáde. N kò bá àwọn tó ń ṣe é jà. Púpọ̀ nínú wọn kàn fẹ́ tọ́jú ohun tó jẹ́ tiwọn ni, ó sì ń bí èmi náà nínú pé ohun tí PSP ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2004 ti wá di ohun tí à ń sanwó oṣù fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí Nintendo bá rí i pé a ti yí padà, wọ́n lè ti í mọ́ ìta ètò íntánẹ́ẹ̀tì wọn pátápátá. Ọ̀nà yẹn sì ni lẹ́tà ń gbà wọlé.

Oníṣẹ́ kejì tí a gbé e fún rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní kí ó má pa nǹkan kan rẹ́. Ó ní ojú la gbé wá, ojú lòun yóò ṣe. Ó lo ọjọ́ 2. Nígbà tí a gbà á dé ilé, ọmọ náà kò yà sí ọgbà òdòdó rẹ̀, kò yà sọ́dọ̀ aládùúgbò kankan. Àpótí lẹ́tà ló gbà lọ tààrà. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

“Àǹtí, wọ́n ti kọ òmíràn.”